A Di Gàárì Sílẹ̀, Ewúrẹ́ Yọjú: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí MTH 201

Gbólóhùn kan wà tó ti sú wa gbọ́, pé èdè Yorùbá ò lè gbé calculus. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń sọ ọ́, àwọn olùkọ́ kan ń sọ ọ́. Èyí tó dùn wá jù ni pé àwọn kan ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá gan-an ń sọ ọ́, wọ́n á tún fi ẹ̀rín sí i. A fẹ́ bá gbólóhùn náà jiyàn lónìí. A ò ní fi ìfẹ́ èdè nìkan bá a jiyàn, nítorí ìfẹ́ èdè kì í yanjú ìṣirò. Ohun tí a fojú wa rí nínú kíláàsì la máa fi dáhùn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bó ṣe jẹ́: ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin tí à ń ka Yorùbá lọ jókòó nínú kíláàsì MTH 201 láti ọ̀sẹ̀ kìíní títí dé ọ̀sẹ̀ ìdánwò. A ò forúkọ sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa lórí èdè-ìperí ló gbé wa débẹ̀, olùkọ́ tó ni kíláàsì sì gbà wá láàyè. Méjì nínú wa ṣe Further Mathematics ní girama, nítorí náà dy/dx kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Nígbà tí ẹnì kan lọ́dọ̀ tiwa gbọ́ ibi tí à ń lọ, ó ní: "A di gàárì sílẹ̀, ewúrẹ́ ń yọjú, ẹrù ìran rẹ̀ ni?" Òwe náà dára. Àmọ́ ẹ ó rí i níwájú pé gàárì yẹn gan-an wà nínú kọ́ọ̀sì náà, ewúrẹ́ sì mọ orúkọ rẹ̀ ju àwọn tó ni ẹṣin lọ.

MTH 201 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà fi ń pe kọ́ọ̀sì yìí, Mathematical Methods, tí àwọn ọmọ ọdún kejì ń ṣe. Ní ọdún kìíní, ohun kan ṣoṣo ló ń yí padà: x sún, y tẹ̀ lé e. Ní ọdún kejì, ohun méjì tàbí mẹ́ta ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Partial derivative, chain rule, ibi tó ga jù àti ibi tó rẹlẹ̀ jù, ọgbọ́n Lagrange, line integral, integral onípele méjì àti mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ nínú sáà kan. Ọmọ ìṣirò ń ṣe é, ọmọ físíìsì ń ṣe é, àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní tiwọn lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹni tó bá gba F níbẹ̀, káríófà nìyẹn. Nítorí pé àwọn kọ́ọ̀sì mìíràn wà tí kò ní ráyè wọ̀ láìyege nínú èyí, káríófà kan lè di ọdún kan gbáko lé iye ọdún tó yẹ kó lò. Ilé á tún san owó ilé-ìwé, wọ́n á tún san owó yàrá. A mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ nítorí irú ọdún àfikún bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àríyànjiyàn àṣà là ń ṣe, kó kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ ìránṣọ náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń lọ nínú gbọ̀ngàn. A lé ní igba. Olùkọ́ kọ ∂f/∂x sí pátákó, ó ní kí á mú y bí ohun tí kì í yí padà. Gbogbo wa kọ ọ́. Ó ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta, gbogbo wa dà á kọ. Ó bèèrè bóyá a ní ìbéèrè. Kò sí ẹni tó nawọ́. Ó bọ́ sí chain rule. A ò bá olùkọ́ náà jà o; ó ń ṣe ohun tí àkókò gbà á láyè láti ṣe, èèyàn dáadáa sì ni. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo èèyàn lóye ni wọn ò fi bèèrè?

Ẹ tẹ̀ lé wọn lálẹ́. Ní aago mọ́kànlá, nínú kíláàsì tí iná ti lọ, tí wọ́n fi fóònù tàn, ọmọkùnrin kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa dúró níwájú àwọn bí ogún, ó ń sọ pé: "Ẹ gbọ́, di y mú. Má jẹ́ kó mira. Ó yá, sún x díẹ̀. Kí ni f ṣe?" Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń rọ̀ bí òjò. Kí ló dé tí mo fi gbọ́dọ̀ di y mú? Bí mo bá jẹ́ kí méjèèjì sún ńkọ́? Ìbéèrè kejì yìí, ojú ọ̀nà tó lọ sí total differential gan-an ni. Ẹni tó bi í gba mẹ́rin nínú ogún nínú ìdánwò kékeré àkọ́kọ́. Ọ̀sán ni wọ́n ti fún un ní mẹ́rin, òru ló ti bi ìbéèrè onímọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń bèèrè bóyá Yorùbá lè kọ́ èèyàn ní calculus ń bèèrè ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Yorùbá ti ń kọ́ wọn. Òru ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣe é, bí ẹni tó ń jalè.

Lọ́jọ́ kan wọ́n pe ọmọkùnrin yìí kan náà kó wá ṣàlàyé nǹkan ní tutorial ọ̀sán. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ há a lẹ́nu, ó bọ́ sí Yorùbá. Ẹni tó ń darí tutorial náà dá a dúró, ó ní ibí kì í ṣe ọjà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà lọ jókòó, títí sáà fi parí kò tún dìde mọ́ lọ́sàn-án.

Ọjà kẹ̀! Ẹni tó bá rò pé kò sí calculus lọ́jà kò tíì dúró ti oníàkàrà rí. Ẹ wo ìyá tó ń din àkàrà lẹ́nu géètì. Èrè rẹ̀ sinmi lórí owó ẹ̀wà, ó sinmi lórí owó epo, a ò tíì dárúkọ ata àti èédú. Bí owó ẹ̀wà bá dúró síbi tó wà, tí owó epo wá fi ₦100 gun òkè lórí lítà kan, ìyá náà mọ iye tó máa dín kù nínú èrè ọjọ́ yẹn kí ó tó gbé agbada kaná. Partial derivative nìyẹn: ó di ẹ̀wà mú, ó sún epo. Bó bá di epo mú tó sún ẹ̀wà, òmíràn nìyẹn, iye rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí méjèèjì bá sún díẹ̀díẹ̀ pa pọ̀, á ro àdánù méjèèjì pọ̀. Ìwé ń pe ìyẹn ní total differential. A ò sọ pé ìyá náà mọ calculus. Ohun tí à ń sọ ni pé ó mọ ìbéèrè tí calculus ń dáhùn, ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa ò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń da ∂ kọ sínú ìwé.

Níbí la ti fẹ́ yíjú sí ilé tiwa. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú apá kìíní, tó jáde ní 1984. Ọládélé Awóbùlúyì ni olóòtú apá kejì, tó jáde ní 1990. Iṣẹ́ ribiribi ni. Òun ló jẹ́ kí àwa lè máa fi Yorùbá dáhùn ìdánwò lórí gírámà àti lítíréṣọ̀ láìṣe bí ẹni tó ń tọrọ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Láti ìgbà náà, ta ni nínú wa tó gbé e dé ibi ìṣirò yunifásítì? Àwa tí a gba fóníìmù, mófíìmù, fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì wọlé láìsunkún, tí kò sì sí ẹni tó sọ pé Yorùbá ò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nítorí ìyẹn, àwa náà la wá ń sọ pé kò lè gbé integral. Ọdọọdún là ń kọ àpilẹ̀kọ lórí oríkì ìlú tí ẹni mẹ́wàá ti kọ ṣáájú wa. Oríkì dára, a fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé òun nìkan náà ni?

Ìdí mìíràn wà tí a fi ń bá ará ilé jà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ "èdè-ìperí", tábìlì ló ń rò: Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, orúkọ kan fún orúkọ kan. Calculus kì í ṣe ìmọ̀ orúkọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Di, sún, gùn, sọ̀, yí, gé, tò, kó jọ. Newton gan-an, nígbà tó ń ṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣàn ló lò: ohun tó ń ṣàn, àti bó ṣe ń yára ṣàn tó. Yorùbá ò sì tòṣì rí ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ẹ bá sọ "partial derivative with respect to x" fún ọmọ ọdún méjìdínlógún, orúkọ gígùn kan ló gbọ́, á sì há a sórí. Bí ẹ bá ní "di y mú, sún x, kí o wo f", iṣẹ́ lẹ gbé fún un, ọwọ́ rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. A lè fi integral sílẹ̀ bó ṣe ń jẹ́ integral, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Gbólóhùn la nílò ju orúkọ lọ.

Ẹ wo gradient. Dúró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, ìbáà jẹ́ Olúmọ, ìbáà jẹ́ òkè ẹ̀yìn ilé yín. Láti ibi tí o dúró sí, ìhà kan wà tí ìgòkè ti le jù. Ibẹ̀ ni gradient kọjú sí, bó sì ṣe le tó ni ó ṣe gùn tó. Bí o bá kọ ẹ̀yìn sí ibẹ̀, ibi tí wàá ti já wálẹ̀ kíákíá jù nìyẹn. Bí o bá fi ẹ̀gbẹ́ sí i, tí o ń rìn yí òkè ká, o ò gùn, o ò sọ̀. Ìyẹn nìkan. Kò sí ohun tó pamọ́ sẹ́yìn àmì onígun mẹ́ta tó dorí kodò yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ Lagrange. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan gba ara òkè yẹn kọjá, wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ibo ló ga jù lójú ọ̀nà náà? Bí ọ̀nà bá ṣì ń gùn, o ò tíì débẹ̀. Bó bá ti ń sọ̀, o ti kọjá rẹ̀. Ibi tí kò ti gùn tí kò ti sọ̀, tí ọ̀nà náà ń lọ gẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń yí òkè ká, ibẹ̀ ni. Ní ibẹ̀, ìhà tí òkè ti le jù dúró ṣánṣán sí ọ̀nà náà. Gradient ti ọ̀nà, g, sì máa ń dúró ṣánṣán sí ọ̀nà náà níbi gbogbo. Nítorí náà àwọn gradient méjèèjì wà lórí ìlà kan náà, ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po èkejì. Ohun tí ∇f = λ∇g ń sọ nìyẹn. Nínú gbọ̀ngàn, ìlà algebra mẹ́jọ la rí. Òkè kankan ò sí níbẹ̀, ọ̀nà kankan ò sí. (Lagrange fúnra rẹ̀ ò ka àwòrán sí. Nínú ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní 1788 lórí mẹ̀káníìkì, ó fi yangàn pé ẹnikẹ́ni ò ní rí àwòrán kankan níbẹ̀. Àmọ́ òun ni Lagrange. Àwa ń wá C.)

Ó wá kan gàárì. Olùkọ́ kọ f = x² − y², ó ní ibi (0,0) jẹ́ saddle point, ó ya nǹkan kan sí pátákó tó jọ ewé tí oòrùn pa. Àwọn tó jókòó nítòsí wa ò rí saddle rí. Ọ̀kan rò pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wa sọ fún wọn pé gàárì ẹṣin ni. Ẹnì kan gbọ́ ọ ní gàrí, wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde rí ló wá ṣàlàyé fún gbogbo wa. Tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹṣin láti ọrùn lọ sí ìrù: gàárì ga níwájú, ó wọlẹ̀ láàárín, ó tún ga lẹ́yìn. Ibi ìjókòó ló rẹlẹ̀ jù. Wá gbà á ní ìbú, láti ẹsẹ̀ òsì ẹlẹ́ṣin lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún: ibi ìjókòó kan náà ló ga jù. Ibi kan ṣoṣo, ó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà kan, ó ga jù lójú ọ̀nà kejì. Derivative méjèèjì jẹ́ òdo níbẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe orí òkè, kì í sì í ṣe ìsàlẹ̀ kòtò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Ó ku r inú r dr dθ. Kò sí ohun tí wọ́n ń gbàgbé nínú ìdánwò tó o, nítorí pé wọ́n ń há a sórí ni, ohun tí a há sórí sì máa ń jábọ́. Ẹ ti rí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. (Ewúrẹ́ tún yọjú.) Bí okùn rẹ̀ bá kúrú, tó bá yí díẹ̀, ibi tó rìn ò tó nǹkan. Bí okùn bá gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, tó sì yí ìwọ̀n kan náà, ibi tó rìn ti di ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ka gbogbo koríko tó wà nínú agbo yẹn, a ò lè ka ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ èèkàn àti ilẹ̀ ẹnu okùn sí ohun kan náà. Ti ẹnu okùn fẹ̀ jù, r ló ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó bá ti rí ewúrẹ́ náà ò ní gbàgbé r mọ́.

Ṣé a wá ń sọ pé àwọn baba wa mọ calculus? Rárá o. Àwọn kan lára wa fẹ́ràn láti máa sọ pé gbogbo ìmọ̀ ló ti wà nínú Ifá, pé inú odù 256 ni kọ̀ǹpútà ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Odù mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún jẹ́ ohun àrà fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó, kò nílò kí á fi irọ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn baba wa ò jókòó ṣe double integral, wọn ò sì jẹ wá ní gbèsè rẹ̀. Èdè ò níláti jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ ronú nǹkan kí ó tó lè sọ ọ́.

Àbí ẹ rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló bí calculus tí wọ́n ń fi kọ́ wa? Newton fi Látìn kọ Principia. Euler jẹ́ ọmọ Switzerland, Látìn àti Faransé ló pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀. Lagrange, Turin ni wọ́n ti bí i, Faransé ló fi kọ ìwé 1788 tí a mẹ́nu bà. Jacobi, ọmọ Jámánì, fi Látìn kọ iṣẹ́ rẹ̀ ti 1841 lórí determinant tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Cambridge ti rẹ̀yìn nínú calculus gan-an, nítorí wọ́n rọ̀ mọ́ àmì Newton, wọn ò fẹ́ gba ti Leibniz tí ilẹ̀ Yúróòpù ń lò. Ta ló gbé wọn dìde? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní 1812 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Analytical Society. Charles Babbage, John Herschel àti George Peacock wà níbẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni Babbage nígbà náà. Ní 1816, àwọn mẹ́ta yìí tẹ ìwé Lacroix jáde, ìwé calculus tí wọ́n túmọ̀ láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní Yorùbá ò lè gbé calculus, kó rántí pé Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìgbà tí àwọn ọmọdé kan ní láti gbé e lé e lórí. Àwa ò ṣì kéré sí wọn lọ́jọ́ orí.

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, Yorùbá á sì ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Wọ́n ti dán èyí wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, St. Stephen's. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lágbedeméjì, àwọn ọmọ Yorùbá ò rẹ̀yìn. Wọ́n tayọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, yunifásítì kọ́, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òye tí a rí nínú èdè ilé máa ń ba ti òyìnbó jẹ́, òun ló kù kó mú ẹ̀rí wá.

Ìjọba ò sì ràn wá lọ́wọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2022, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ìṣirò yìí ò nílò calculus. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún tí wọ́n fọwọ́ sí i kò tíì kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fagi lé e. Ìgbà wo ló jókòó ṣe WAEC?

Ìbéèrè tó wúwo jù ni ti àwọn tí kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Igbo wà nínú kíláàsì náà, ọmọ Ẹ̀bìrà wà níbẹ̀, ọmọ Edo wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n jù sì jẹ́ ọmọ Tiv. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èdè wa lé wọn síta bí wọ́n ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì lé ọmọkùnrin yẹn padà sórí ìjókòó. Nítorí náà a ò sọ pé kí wọ́n fi Yorùbá ṣe lẹ́kíṣọ̀, a ò sọ pé kí wọ́n fi ṣe ìdánwò. Tutorial la dárúkọ. Ẹgbẹ́ tutorial ju ọ̀kan lọ tẹ́lẹ̀. Kí ọ̀kan máa lo Yorùbá, kí òmíràn máa lo Igbo tàbí Pidgin bí wọ́n bá fẹ́, kí èyí tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wà bó ṣe wà, kí olúkálukú yan èyí tó wù ú. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń kọ́ni lóru sílẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní yàrá tó ní iná, kí wọ́n sì san nǹkan fún wọn bí wọ́n ṣe ń san fún àwọn tó ń darí tutorial ọ̀sán. Kò ná yunifásítì ní ilé tuntun kankan. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa náà, kí wọ́n gba àpilẹ̀kọ lórí èdè ìṣirò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba ti oríkì, kí ẹnì kan láti ẹ̀ka ìṣirò bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí irọ́ má baà wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ, báńkì àti kọ̀ǹpútà, nílé àti lókè òkun, ọ̀pọ̀ yín ló ń sọ fún wa pé Yorùbá lẹ fi ń ronú bí ìṣirò bá le. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí WhatsApp. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò yín. A ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fàmì sí i, a ó gbé e fún àwọn ọmọ MTH 201 tó ń bọ̀.

Àwa ti bẹ̀rẹ̀. Partial derivative, gradient, gàárì àti ewúrẹ́ orí èèkàn ti wà ní kíkọ, ọmọ ìṣirò méjì sì ti bá wa yẹ̀ wọ́n wò. λ la ò tíì rí orúkọ fún. Ìwé ń pè é ní multiplier. Bí a bá túmọ̀ ìyẹn bó ṣe rí, kò sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: bí oníàkàrà bá ní ₦20,000 láti fi ra ẹ̀wà àti epo, tó sì ti pín in lọ́nà tó máa fún un ní èrè tó pọ̀ jù, λ ló ń sọ iye tí èrè yẹn máa fi lé bí owó ọwọ́ rẹ̀ bá fi náírà kan lé. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kí á pè é ní "agbára náírà kan". Òmíràn ní nínú físíìsì kò sí náírà níbẹ̀, ó fẹ́ "iye ìdè", nítorí pé ìdè ni wọ́n fi de f mọ́ ojú ọ̀nà. Ọmọ ìṣirò kan ní kí á fi lámúdà sílẹ̀ bó ṣe wà, ká jẹ́ kí òun lọ sùn. Àríyànjiyàn náà dé aago méjì òru lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, kò sì tíì tán. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju ìwọ̀nyí lọ, kó mú un wá.